Ọ̀pá Ìwọ̀ Mélòó?

Ní gbogbo alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, nígbà tí iṣẹ́ ilé-ìwé bá ti parí, tí mo sì ti kó ìwé iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹjọ́ kan wà tí mo máa ń bá ara mi rò ní igun pálọ̀ wa ní Àkúrẹ́. Ọ̀pá ìwọ̀ méje ni ó fara ti ògiri níbẹ̀. Bí ilẹ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta bá mọ́, odò Ọ̀wẹnà ni mo ń lọ. Mélòó nínú méje yìí ni kí n gbé dání? Ẹni tí kò pẹja rí lè fi mí rẹ́rìn-ín, kí ó ní kí ni ó le nínú ìyẹn. Kí n gbé gbogbo rẹ̀, tàbí kí n gbé èyí tí ọwọ́ mi bá kọ́kọ́ bà. Èmi náà ti rò bẹ́ẹ̀ rí. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí mi ní etí odò náà ní ọdún 2021 ni ó jẹ́ kí n mọ̀ pé ìbéèrè yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Òun ni mo fẹ́ rò fún ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi olùkọ́, àti ẹ̀yin tí ẹ ń múra ìdánwò, bí ẹ bá lè fara balẹ̀ gbọ́ mi.

Kí n tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí n ṣe díẹ̀ nínú iṣẹ́ tí wọ́n gbà mí fún. Ìwọ̀ tí a fi ń pẹja yàtọ̀ sí ìwọ tí a fi ń bá ẹnìkejì sọ̀rọ̀. Ìwọ̀n tí a fi ń díwọ̀n nǹkan kì í ṣe ìwo orí màlúù, bẹ́ẹ̀ ni ìwò tí ojú ń wò dá dúró ní tirẹ̀. Ní ọdún kan, akẹ́kọ̀ọ́ mi kan kọ àròkọ lórí iṣẹ́ ẹja pípa láìfi àmì ohùn kan ṣoṣo sí i. Mo kà á títí, n kò mọ̀ bóyá ìwọ̀ ni ọkùnrin inú àròkọ náà sọ sódò tàbí ìwo. Mo gé máàkì rẹ̀, n kò sì kábàámọ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ tèmi ti ṣẹlẹ̀ ni mo ti ń rò ó pé ìwọ̀, ìwọ̀n àti ìwò sún mọ́ ara wọn ju bí ìwé gírámà ti wí lọ.

Odò Ọ̀wẹnà ni ó dábùú ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Oǹdó. Ọ̀nà náà kò tó 60 kìlómítà, ìlú kékeré tí ó ń jẹ́ orúkọ odò náà sì wà láàárín ọ̀nà, ní etí afárá. Èmi tí mo ń kọ́ni ní Àkúrẹ́, tí ilé bàbá mi sì wà ní Oǹdó, a lè sọ pé odò yìí ni ó wà láàárín ilé mi méjèèjì.

Káfíńtà ni bàbá mi, ní Odòjọmù ní ìlú Oǹdó. Ní ọjọ́ tí kò bá sí iṣẹ́, a ó gun alùpùpù rẹ̀ lọ sí Ọ̀wẹnà kí oòrùn tó yọ. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà tí ó kọ́kọ́ mú mi lọ. Ọparun tín-ín-rín ni ó fi ń ṣe ọ̀pá ìwọ̀, èyí tí ó bá ti fi sí òkè ààrò fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ó lè gbẹ láìsán. Yóò so okùn ọ̀rá mọ́ orí rẹ̀, yóò gé sílípáàsì gbígbó wẹ́wẹ́ láti fi ṣe ohun tí yóò máa léfòó, yóò sì fi eyín tẹ òjé mọ́ okùn náà kí ìwọ̀ lè rì. N kò rí i kí ó yára rí nídìí iṣẹ́ yìí. Bí ó bá ń kan àga fún oníbàárà, ó máa ń yára.

Méjì ni ó máa ń gbé. Kì í dín, kì í lé. Ẹ̀kẹta tí ó bá wà lórí alùpùpù, tèmi ni. Ọ̀kan nínú méjèèjì ní ìwọ̀ kékeré; a ó fi ekòló tí a gé sí mẹ́ta bò ó, a ó sì sọ ọ́ sí ẹ̀bá ibi tí òṣíbàtà tẹ́ sí, nítorí pé níbẹ̀ ni ẹpìyà máa ń wà, ẹnu ẹpìyà kò sì tóbi. Èkejì ní ìwọ̀ ńlá. Ìfun adìẹ ni ìdẹ tirẹ̀, ìsàlẹ̀ ibú ni a sì ń sọ ọ́ sí fún àrọ̀. Ẹni tí ó bá mọ àrọ̀ mọ̀ pé irùngbọ̀n rẹ̀ ni ó fi ń wá oúnjẹ nínú omi tí ó dúdú, ju ojú rẹ̀ lọ. Nítorí náà, bí òjò bá rọ̀ tí odò dàrú, ọ̀pá ẹpìyà lè má mì títí di ọ̀sán, ti àrọ̀ yóò sì máa jó. Bí omi bá mọ́ gaara nígbà ọyẹ́, ó lè jẹ́ òdìkejì. Ọ̀pá méjì, ẹja méjì, ìdẹ méjì. Mo dàgbà pẹ̀lú èrò pé àwọn baba wa ti wọn iye ọ̀pá tí ó tọ́ sí ènìyàn, wọ́n sì ti rí i pé méjì ni.

Àwọn kan yóò fi òwe já mi níhìn-ín. Wọ́n á ní ẹni tí ó lé eku méjì yóò pòfo, àti pé bí ó bá jẹ́ ti òwe ni, ọ̀kan ṣoṣo ni ó yẹ kí bàbá mi gbé. Òwe náà dára fún ọdẹ. Ṣùgbọ́n apẹja kì í lé ẹja. Ó ń dúró dè é ni. Ẹni tí ó ń dúró lè ṣọ́ ẹnu ọ̀nà méjì, bí ojú rẹ̀ bá ká méjèèjì.

Ní ọdún 2018 ni nǹkan yí padà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan tí ó ń gbé ní Amẹ́ríkà wálé, ó sì kó ọ̀pá mẹ́ta wá fún mi. Ẹ̀gbọ́n ni ó jẹ́ sí mi. Àwọn ọ̀pá náà fúyẹ́ bí ìyẹ́, wọ́n sì ní kẹ̀kẹ́ kékeré tí a fi ń ká okùn. Ó ní ẹja kan wà lọ́dọ̀ àwọn tí wọ́n ń pè ní báàsì, tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ gbàgàdà, tí àwọn ọkùnrin ń fi gbogbo òpin ọ̀sẹ̀ wá kiri. Ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n fi ń pa á ni jíìgì. Ìwọ̀ ni, ṣùgbọ́n wọ́n ti yọ́ òjé mọ́ ọn lọ́rùn, wọ́n sì ti fi fọ́nrán rọ́bà wínníwínní wọ̀ ọ́ bí yẹ̀rì, kí ó lè jọ edé tàbí ọmọ ẹja nígbà tí wọ́n bá ń fà á díẹ̀díẹ̀ ní ìsàlẹ̀ omi. Èyí tí ó wúwo ni wọ́n ń jù sínú èpò, èyí tí ó fúyẹ́ sí ibi tí omi ti mọ́, èyí tí orí rẹ̀ rí roboto sì ni wọ́n ń wọ́ lórí òkúta. Bí jíìgì bá ti yí padà, ọ̀pá tí ó yẹ ẹ́ yí padà pẹ̀lú. Bí ènìyàn bá sì jókòó tí ó ń tú okùn, tí ó ń so òmíràn, àkókò tí ẹja ń jẹ lè kọjá lọ. Ìdí nìyí tí ẹlòmíràn fi ń to ọ̀pá mẹ́fà tàbí mẹ́jọ sínú ọkọ̀ ojú omi rẹ̀, tí ó ti so jíìgì oríṣiríṣi mọ́ wọn láti ilé.

Mo bi í pé ṣé kò pọ̀ jù. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní àwọn tìkára wọn ń jiyàn lé e lórí. Ó sọ fún mi pé ní ọdún 1971, nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ìdíje ńlá tí wọ́n ń pè ní Bassmaster Classic, wọ́n kó apẹja 24 sínú ọkọ̀ òfuurufú láìjẹ́ kí wọ́n mọ ibi tí wọ́n ń lọ. Adágún Mead ni wọ́n bá ara wọn. Wọ́n sì ti pàṣẹ pé ẹrù ìwọ̀ àti ìdẹ ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ju 10 pọ́ùn lọ, èyí tí kò tó 5 kìlógíráàmù. Ó ní ní ìpínlẹ̀ Minnesota, okùn kan ṣoṣo ni òfin gba ẹnìkan láyè láti sọ sómi nígbà tí omi bá ṣí sílẹ̀. Ó di ìgbà òtútù tí adágún bá dì gbagidi kí ó tó di méjì. Ní California, ẹni tí ó bá fẹ́ lo ọ̀pá kejì nínú adágún yóò san owó mìíràn lé owó ìwé àṣẹ rẹ̀. Mo gbọ́ gbogbo èyí. Ìtàn ọ̀pá mẹ́jọ nìkan ni mo mú nínú rẹ̀.

N kò ní ọkọ̀ ojú omi, odò wa kò sì ní báàsì. Ohun tí mo ní ni ọ̀pá. Mẹ́ta láti Amẹ́ríkà, ọparun méjì tí bàbá mi fún mi, méjì tí mo fi owó ara mi rà ní Àkúrẹ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìwọ̀ jọ pẹ̀lú, mo sì mọ nọ́ńbà wọn lórí. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, nọ́ńbà ìwọ̀ ń lọ sẹ́yìn ni: nọ́ńbà 12 kéré sí nọ́ńbà 6, nọ́ńbà 6 kéré sí nọ́ńbà 1, ṣùgbọ́n bí òdo bá ti wọ ẹ̀yìn nọ́ńbà, bí ó ti ń pọ̀ sí i náà ni ìwọ̀ ń tóbi sí i. Inú mi a máa dùn láti ṣàlàyé èyí fún àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní yàrá olùkọ́. Wọn kò bi mí rí pé ẹja mélòó ni mo pa.

Ẹ̀yin tí ẹ ń múra ìdánwò mọ irú ohun tí ó ń ṣe mí. A gbé àkọlé àròkọ mélòó kan síwájú akẹ́kọ̀ọ́, a ní kí ó mú ẹyọ kan. Ó bẹ̀rẹ̀ èkíní, ó kọ ìlà mẹ́jọ, ojú rẹ̀ wọ ẹ̀kẹta, ó fagi lé èkíní. Nígbà tí aago bá lù, àròkọ méjì tí kò ní ìparí ni ó wà nínú ìwé rẹ̀. Mo ti bá irú wọn wí títí. Èmi ni mo tún ń gbé ọ̀pá mẹ́fà lọ sódò.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta kan ni, ní oṣù kẹta ọdún 2021. Òjò ti rọ̀ lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì, odò ti ń pọ́n díẹ̀díẹ̀. Mo mú ọmọkùnrin mi dání, ọmọ ọdún mẹ́fà ni nígbà náà. Ọ̀pá mẹ́fà ni mo gbé. Méje ni ìbá jẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀kan kò wọ inú ọkọ̀. Tèmi ni gbogbo rẹ̀. N kò rántí pé ó yẹ kí ọ̀kan jẹ́ ti ọmọ. Mo fún un ní agolo ekòló pé kí ó máa bá mi ṣọ́ ọ, mo sì fi í jókòó sídìí igi kan tí gbòǹgbò rẹ̀ yọ sí etí omi.

Mo gún ọ̀pá mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lọ ní etí odò bí ẹni ń ṣe ọgbà. Láti èkíní dé ìkẹfà tó ìṣísẹ̀ ogún. Mo ń lọ, mo ń bọ̀. Bí mo bá ti ń fi ekòló sí ọ̀kan, ẹpìyà ti jẹ ti òmíràn tán, nítorí olè ni ẹpìyà. Ní nǹkan bí aago mẹ́jọ, ọ̀pá kẹrin tẹ̀ kọrọdọ. Mo sáré bá a. Àrọ̀ ni, ó sì tóbi. Kí n tó fà á dé etí, ó ti sáré yí okùn karùn-ún àti ìkẹfà po. Ẹni tí ó bá ti rí okùn ọ̀rá mẹ́ta tí ó lọ́ mọ́ ara wọn rí yóò mọ ohun tí mo ń wí. Mo kúnlẹ̀. Mo ń tú, mo ń fi eyín fa kókó. Mo gbọ́ tí ọmọ pè mí. Ó ní, “Dádì, ekòló ń lọ o.” Mo ní, “Mò ń bọ̀.” N kò gbójú sókè.

Nígbà tí mo gbójú sókè, agolo nìkan ni ó wà nídìí igi.

N kò lè sọ iye ìṣẹ́jú tí ó gbà. Mo rántí pé mo kígbe orúkọ rẹ̀, mo sì rántí pé sílípáàsì rẹ̀ kan ń léfòó lọ, ó ń yí, bí ègé tí bàbá mi máa ń gé sára okùn. Mo bẹ́ sómi. Okùn tí mo ń tú ti wé mọ́ mi lẹ́sẹ̀, mo sì ṣubú lẹ́ẹ̀mejì. Ìyá kan tí ó ń fọ ẹ̀gẹ́ tí ó ti rẹ fún fùfú ní ìsàlẹ̀ odò ni ó mú un. Ó ti wọ omi dé àyà kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó gbé ọmọ náà lé èjìká, ó dojú rẹ̀ délẹ̀, ó ń lù ú lẹ́yìn. Ọmọ wú ikọ́, ó pọ omi, ó bú sẹ́kún.

Ìyá náà ní, “Bàbá ọmọ, ẹ gba ọmọ yín.” Nígbà tí mo gbà á tán, ó wo òkè odò, ó wo àwọn ọ̀pá mi tí wọ́n tò lọ bẹẹrẹ. Ó ní, “Ẹ̀yin nìkan lẹ ni gbogbo igi wọ̀nyẹn?” Mo ní èmi ni. Kò sọ ọ̀rọ̀ mìíràn. Ó padà sídìí ẹ̀gẹ́ rẹ̀, nítorí omi ti ń gbé díẹ̀ nínú rẹ̀ lọ.

Mo ká àwọn ọ̀pá kúrò. Nínú mẹ́fà, mẹ́rin ni ìwọ̀ wọn wà ní ìhòòhò, láìsí ìdẹ kankan lórí wọn. N kò sì mọ ìgbà tí wọ́n ti wà bẹ́ẹ̀. Àrọ̀ náà wà lórí ilẹ̀, ó ṣì ń mí, nítorí pé àrọ̀ ní ohun tí ó fi ń mí afẹ́fẹ́, ó sì lè pẹ́ lókè kí ó tó kú. Mo fi ẹsẹ̀ tì í padà sómi. Kì í ṣe àánú ni mo ṣe é.

N kò lè dojú kọ ìyàwó mi lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Dípò kí n padà sí Àkúrẹ́, Oǹdó ni mo wa ọkọ̀ lọ. Bàbá mi wà ní iwájú ilé, ó ń fi ìwé yẹ̀pẹ̀ ra ẹsẹ̀ àga kan. Mo dọ̀bálẹ̀, mo sì ro gbogbo rẹ̀ fún un.

“Ọmọ ńkọ́?”

“Ó ń sùn nínú ọkọ̀, Bàbá.”

Ó lọ wò ó. Ó fi ọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀, ó tẹ́tí sí èémí rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ó padà wá jókòó.

“Ọ̀pá mélòó lo gbé?”

“Mẹ́fà, Bàbá.” Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ bí ẹni ń kàwé. Mo ní òun ni ó gbọ́n, òun tí ó jẹ́ pé méjì ni ó ń gbé. Mo ní òun ti mọ̀ pé ojú ènìyàn kò ká ju méjì lọ, èmi ni mo kọ ọgbọ́n àgbà sílẹ̀.

Bàbá mi wò mí tìyanu-tìyanu. “Ta ló sọ ìyẹn fún ọ? Owó ìwọ̀ àti owó okùn ni kò ká ju méjì lọ. Ká ní mo lówó mẹ́fà nígbà yẹn ni, mẹ́fà ni ǹ bá gbé.” Ó mú ìwé yẹ̀pẹ̀ rẹ̀, ó tún ra ẹsẹ̀ àga náà díẹ̀. Ó ní, “Bóyá ìwọ ni ò bá sì bómi lọ.”

Ọ̀rọ̀ yìí kò tíì tán lára mi. Àwa olùkọ́ Yorùbá fẹ́ràn láti máa rí ọgbọ́n nínú ohun tí àìní fà. A rí àgbàlagbà tí ó ń fi ewé gbọ̀ọ̀rọ̀ se ọbẹ̀ láìsí ẹran, a kọ àpilẹ̀kọ lórí ìwọ̀ntúnwọ̀nsì. Èmi ti fi ọ̀pá méjì bàbá mi kọ́ odindi ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ sínú orí mi, àṣé owó ni kò sí. Síbẹ̀ n kò lè tìtorí ìyẹn sọ pé méjì náà kò tọ́. Ohun tí àìní dá dúró sí, mo ti ní ohun tí ó kọjá rẹ̀, ẹ sì ti gbọ́ ibi tí ó gbé mi dé. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, alákàn kò sì ní ju ojú méjì lọ. Ṣùgbọ́n bàbá mi kò ronú alákàn kankan.

Mo sọ fún ìyàwó mi ní alẹ́ ọjọ́ náà. Fún ọjọ́ mẹ́ta kò bá mi sọ̀rọ̀ kọjá “oúnjẹ ti wà”. Ní ọjọ́ kẹrin ó ní kí n kó gbogbo ọ̀pá náà dáná. N kò kó wọn dáná. Mo fi ọmọ náà sí ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ń kọ́ni ní ìlúwẹ̀ẹ́, ọdún kan gbáko sì kọjá kí ìyàwó mi tó gbà pé kí ó tún bá mi dé Ọ̀wẹnà.

Ní báyìí, bí mo bá dá lọ, tí òjò sì ti da odò rú, méjì ni mo ń gbé, méjèèjì fún àrọ̀. Bí omi bá mọ́, mo lè fi ẹ̀kẹta kún un. Ọ̀rẹ́ mi kan tí ó ń kọ́ni ní ìṣirò gbà pé ẹ̀kẹta yẹn ni ó dára jù ní gbogbo ìgbà; ó ní ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Mo ní ààrò kì í jẹ ìdẹ. Ó ní bí ọ̀pá kan bá lè pa ẹja kan ní wákàtí kan, mẹ́ta yóò pa mẹ́ta. Mo rántí ìwọ̀ mẹ́rin tí ó wà ní ìhòòhò, mo sì rí i pé ìṣirò rẹ̀ kò tíì dé etí odò rí. Bí mo bá mú ọmọ dání, ọ̀kan ni mo ń gbé fún ara mi, ọ̀kan fún un, a sì ń jókòó sí ojú kan náà.

Bẹ́ẹ̀ ni a ti ń ṣe é títí di ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá. Ọmọ náà ti di ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ó bá mi ní igun pálọ̀ níbi tí mo ti ń bá ara mi rojọ́. Ó ní, “Dádì, méjì ni mo fẹ́ gbé lọ́la.” Mo bi í léèrè ìdí. Ó ní ọ̀kan fún ẹpìyà, ọ̀kan fún àrọ̀. Ó ní Bàbá Àgbà ni ó sọ fún òun bẹ́ẹ̀. Mo bi í bóyá Bàbá Àgbà sọ ohun mìíràn mọ́ ọn. Ó ní rárá.

Ó yan ọparun méjèèjì. Mo wo èyí tí mo ti yọ sọ́tọ̀ fún ara mi, mo dá a padà sí ara ògiri. A gbéra ní aago márùn-ún ìdájí. Ó di ọ̀pá rẹ̀ mú ní ọ̀wọ́, ó yọ orí wọn síta ojú fèrèsé ọkọ̀. Agolo ekòló wà lórí itan mi.